Fèrè Kẹta ní Pákó Bàbá Rafíù

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, kí wọ́n tó mú títì Ìgàndó gbòòrò, kí etí rẹ̀ tó di kìkì ṣọ́ọ̀bù àti ilé alájà, bàbá mi ní pákó kan lẹ́bàá ọ̀nà. Pákó tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé o. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré. Káfíńtà ni bàbá mi, òun fúnra rẹ̀ ló kàn án. Ó ga tó orúnkún àgbàlagbà, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, ó sì kọjú sí gáréèjì kékeré kan tí àwọn ọkọ̀ Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń kó èrò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Ìkọ̀tún tàbí Ìdímù, bí ẹ bá ronú dáadáa, ẹ ó rántí. Pákó Bàbá Rafíù ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Rafíù ni ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Dòpèmú nígbà náà. Èmi ni Sìdíkátù, Sìdí ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ mọ̀ pé láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ kì í gbéra bí kò bá kún. Ẹlòmíì á ti jókòó láti àárọ̀, oòrùn á ti gun àtàrí, èrò mẹ́fà péré ni yóò ṣì wà nínú ọkọ̀. Àwọn èrò a máa bínú sí dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà a máa bínú sí agbèrò, àwọn ọmọ ọwọ́ a sì máa ké. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti rí iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀dá, ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ló nílò ẹ̀rín jù. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò náà sì jẹ́ ará ilé wa, àwọn télọ̀, àwọn bíríkìlà, àwọn tó ń ta aṣọ, tí wọ́n ń lọ kí ilé. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí bàbá mi kàn, wọ́n á gbé ẹrù wọn sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n á máa wò wá. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì tó ń dín àkàrà, tó máa ń la búrẹ́dì, tí yóò kó àkàrà gbígbóná sí i, tí epo rẹ̀ yóò gba inú bébà yọ sí wa lọ́wọ́. Títí di òní, bí òórùn àkàrà bá pọ̀ mọ́ òórùn èéfín ọkọ̀ ní imú mi, ńṣe ni mo máa ń rò pé eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni mò ń gbá orí pákó láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, tí n ó sì wọ́n omi sí iwájú rẹ̀ kí eruku má baà bo àwọn èrò. Garawa méjì ni omi náà, láti kànga àwọn onílẹ̀ tí a ń gbé ilé wọn. Bí omi bá kéré, eruku ni. Bí ó bá pọ̀, ẹrẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀lẹ mú mi, mo da garawa kejì sórí pákó fúnra rẹ̀, mo sá lọ jẹ àkàrà. Bàbá mi jáde bí olówó, ó na ìka sókè, ó ní, "Èmi tí ilẹ̀ ń mì fún!" Ó ṣísẹ̀ kan péré, ó yọ̀, ó fìdí jókòó gbì. Àwọn èrò rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè títí ó fi jẹ ẹ̀kọ àti ẹ̀wà rẹ̀ tán, ó sì fara balẹ̀ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Abẹ́ pákó ni ilé tiwa, àwa ọmọdé. Níbẹ̀ la ti ń ṣe bojúbojú, tí a ti ń se oúnjẹ oníyẹ̀pẹ̀ nínú agolo mílíìkì. Láti ibẹ̀ la ti ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn àgbà gba àlàfo igi. Mo mọ ẹsẹ̀ bàbá mi, ó wúwo, ó máa ń gbọn eruku igi lé wa lórí. Mo mọ ẹsẹ̀ ìyá mi, nítorí kì í fi gbogbo ara tẹ igi kó tó yí padà. Ní ọjọ́ kan tí bàbá mi ń ṣe òkú kí ó lè mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ̀ máa sunkún, a fi igi ìgbálẹ̀ rin ín ní ìhà láti abẹ́. Òkú bú sẹ́rìn-ín. Ẹgba mẹ́ta mẹ́ta la jẹ, lọ́wọ́ òkú náà fúnra rẹ̀.

Eré tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni eré tọkọtaya. Bàbá mi ni ọkọ, ìyá mi ni ìyàwó, orúkọ ìyàwó náà lórí pákó sì ni Àbẹ̀ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àṣàkẹ́ ni ìyá mi ń jẹ́ gan-an. Bàbá Sùlè, arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di, ló ń ta agídìgbo fún wọn. Lójoojúmọ́ ni ọkọ àti Àbẹ̀ní ń jà. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ àna lọ́la, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó jẹ fìlà ọkọ lọ́túùnla. Ọ̀rọ̀ náà kò lórí kò nídìí, ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀, bó ṣe wá sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìyá mi, tó jẹ́ pé nílé kì í pariwo, tó lè lo ọjọ́ kan gbáko láìsọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, bó bá ti gorí pákó, ohùn rẹ̀ máa ń dé òdìkejì títì.

Ìṣòro eré létí ọ̀nà ni pé ọkọ̀ kì í dúró de eré. Fèrè mẹ́ta ni dẹ́rẹ́bà máa ń fọn. Fèrè kìíní, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Fèrè kejì, kí èrò máa wọlé. Fèrè kẹta, ó dìgbà. Bàbá mi sì ní òfin kan. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìjà wọ ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ òun, kódà kó jẹ́ ìjà orí pákó. Ó máa ń wí pé, "Ẹni tó gbé ìjà wọ mọ́tò, ìjà náà ni yóò máa gbọ́, kò ní gbọ́ ohun tí ọ̀nà ń sọ." Nítorí náà, bí fèrè kejì bá ti dún, ibi yòówù kí wọ́n bá eré dé, wọ́n á paná rẹ̀. Pípaná la ń pè é. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó, á ní, "Àbẹ̀ní, mo jẹ̀bi, forí jì mí." Àbẹ̀ní á yíjú kúrò, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń lọ, lẹ́yìn náà á padà, á fa ọkọ rẹ̀ dìde. Ìgbà mìíràn wà tí fèrè máa dún nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó gan-an ni ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tó da ọbẹ̀ ọkọ sínú kòtò. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ náà ni. Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, nítorí ọkọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, orí pákó nìkan ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀.

Èmi ló kàn lẹ́yìn ìyẹn. Èmi ni ọmọ tọkọtaya náà. Bí fèrè kẹta bá dún, n ó fọwọ́ kan Bàbá Sùlè léjìká kó lè mọ̀ pé eré ti parí, n ó bọ́ sí iwájú pákó, n ó pariwo pé, "Ìjà ti tán nílé wa o! Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re!" Gbogbo ọkọ̀ á dáhùn láti ojú fèrèsé, "Àmín! Ká padà wá bá yín láyọ̀!" Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tó ń gbéra. Àwọn dẹ́rẹ́bà ti sọ ọ́ di àdúrà. Ọ̀kan nínú wọn gbéra lọ́jọ́ kan láìdúró gbọ́ ọ, táyà rẹ̀ sì bẹ́ kó tó dé Sàǹgó. Bàbá mi ní táyà náà ti dán bí orí apárí kó tó kúrò ní gáréèjì, ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́? Láti ọjọ́ náà, kò sí dẹ́rẹ́bà tó jẹ́ gbéra láìgbọ́ ohùn mi. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń dúró dè. Orí mi wú, n kò ní purọ́ fún yín.

Nígbà tí ìyá mi bí àbúrò mi, Mútíù, ó dúró sílé. Bàbá mi wá mú ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìdímù, Rísíkátù ni orúkọ rẹ̀, kó máa bá òun ṣe Àbẹ̀ní. Ọmọ dáadáa ni Rísíkátù, ó máa ń fún mi ní ègé aṣọ kí n fi dá aṣọ fún ọmọláńgidi mi. Nígbà tí Mútíù ti ń jókòó dáadáa, ìyá mi lé tìróò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ró ìró Àbẹ̀ní, èyí tó ní òdòdó pupa, lé orí ìró ilé rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó wá sí pákó. Mo rántí bí inú mi ṣe dùn tó. Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀. Lójú Bàbá Sùlè, lójú Rísíkátù, lójú ìyá alákàrà àti èrò tó kún orí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ìyá Rafíù, Rísíkátù ti mọ Àbẹ̀ní. Ojú rẹ ti gbó ju ti ìyàwó lọ. Ìyá ọkọ ni kí o máa ṣe."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá mi kò ní in lọ́kàn láti bú u, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Bó ṣe máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé igi yìí kò dára fún ilẹ̀kùn mọ́, kó gbé e lọ fi ṣe fèrèsé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe sọ ọ́, ó sì gbàgbé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi tú ìró olódòdó náà, ó ká a, ó gbé e fún Rísíkátù. Ó ṣe ìyá ọkọ lọ́jọ́ náà, ó ṣe é débi pé àwọn èrò ń fọwọ́ nu omi ẹ̀rín lójú. Nígbà tí a délé, ó gbé oúnjẹ fún bàbá mi, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Ariwo orí pákó nìkan ni ìyá mi mọ̀ ọ́n pa. Bí nǹkan bá dùn ún dénú, ńṣe ló máa ń dákẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì méjì. Ó ní, "Sìdí, mò ń lọ sílé. Bá mi tọ́jú bàbá rẹ." Mo bi í pé ìgbà wo ló máa dé. Ó tún gèlè kékeré orí mi so. Báàgì méjì, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kì í di báàgì méjì. Ó pọn Mútíù, ó wọ ọkọ̀ Bàbá Gàní, dẹ́rẹ́bà Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó sójú fèrèsé tó kọjú sí pákó. Bàbá mi rí i. Ó sọ fún ìyá alákàrà pé, "Ó fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ ni," ó sì gorí pákó lọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ohun tí ọkọ àti Àbẹ̀ní ń bá ara wọn jà sí lọ́jọ́ náà, ojú fèrèsé yẹn ni mò ń wò. Fèrè kìíní dún. Fèrè kejì dún, bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún Rísíkátù, Rísíkátù tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì, ó padà, ó fà á dìde. Fèrè kẹta dún. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo bọ́ sí iwájú pákó, mo la ẹnu, mo sì rí i pé bí mo bá ti lè sọ ọ́ báyìí, ìyá mi ti lọ nìyẹn. Mo pa ẹnu dé.

Dẹ́rẹ́bà tún fọn fèrè náà. Agbèrò ní, "Ọmọ yìí, sọ ọ́ jàre! Ọ̀nà jìn!" Bàbá Gàní yọrí síta, ó ní, "Àbí ó ti yadi ni?" Nítorí pé n kò fọwọ́ kan Bàbá Sùlè, òun ń ta agídìgbo lọ ní tirẹ̀, ó ń mi orí. Bàbá mi rọra sún mọ́ mi, ó já mi ní èékánná lápá, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn èrò. Ni mo bá bú sẹ́kún. Mo ní, "N kò lè sọ ọ́. Ìjà ò tíì tán nílé wa."

Bàbá Sùlè dáwọ́ agídìgbo dúró, bóyá ó rí ojú àwọn ènìyàn. Bàbá mi wo ojú mi, ó wá tẹ̀ lé ojú mi lọ sí fèrèsé ọkọ̀ náà. Mo rò pé ìgbà yẹn ni báàgì méjì yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó yí ara padà lórí pákó, ó kọjú sí ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé òdìkejì títì sọ pé, "Àbẹ̀ní, mo jẹ̀bi, forí jì mí!"

Àwọn èrò fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìyá mi kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ó ní, "Àbẹ̀ní lẹ̀ ń bẹ̀ yẹn, Bàbá Rafíù. Àṣàkẹ́ ló wà nínú mọ́tò."

Bàbá mi dìde. Ó sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí pákó. Ó rìn dé abẹ́ fèrèsé náà, ó dúró. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bàbá mi tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, tó lè fi fìlà tí ewúrẹ́ jẹ ṣeré láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó ní, "Àṣàkẹ́." Ó tún ní, "Àṣàkẹ́." Ó wá dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tí omi tèmi fúnra mi fà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lójú àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó mọ bàbá tó bí i. Ó ní, "N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílẹ̀. Ojú rẹ kò gbó. Ojú tèmi ni kò ríran."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá mi fi orí ti igi fèrèsé, omi tìróò dúdú ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo gbọ́. Ẹ dìde, ẹrẹ̀ ti bà yín láṣọ jẹ́." Mo rò pé yóò sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ó dùn mí. N ó lọ sílé lọ jókòó ti ìyá mi. Ẹ má parí eré yẹn títí n ó fi dé." Bàbá Gàní kígbe pé, "Ìyá Rafíù, ẹ fẹ́ kí táyà mi bẹ́ ni?" Ìyá mi ní, "Kò ní bẹ́, lágbára Ọlọ́run. Ẹ máa wakọ̀ jẹ́jẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe gbéra láìgbọ́ ohùn mi, ó ń lọ bí ẹni ń tẹ ẹ̀gún, Bàbá Gàní ń ka Bísímílà léraléra. Rísíkátù mú mi mọ́ra, òun náà ń sunkún.

Sátidé méjì kọjá, ìyá mi kò dé. Bàbá mi kò ṣe eré tọkọtaya mọ́. Ó ń pa àwàdà, ó ń kọrin, bí fèrè kẹta bá dún òun fúnra rẹ̀ á ní, "Ẹ lọ re o," àwọn dẹ́rẹ́bà á sì máa kùn pé kò dùn bí ti tẹ́lẹ̀. Òun ló ń se oúnjẹ fún wa. Ẹ̀bà rẹ̀ kún fún kókó, ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń jóná, a ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tèmi ṣì wà lẹ́nu mi, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé ní kí n sọ ọ́ kí wọ́n fún mi ní gúgúrú, mo kọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́ lásán, kò ní padà wá mọ́. Lálaalẹ́ ni mò ń wí i sínú, tí n ó wá sùn lọ.

Ní Sátidé kẹta, ọ̀sán gangan, bàbá mi wà lórí pákó, ó ń ṣàpèjúwe ọkùnrin tó fẹ́ wọ bàtà tí kò bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ọkọ̀ Bàbá Gàní wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, Mútíù ní ẹ̀yìn rẹ̀, àpò máńgòrò ilé lórí rẹ̀. Kò yà síbì kankan. Ó gbé àpò náà fún ìyá alákàrà, ó gorí pákó, ó dúró níbi tí Àbẹ̀ní máa ń dúró. Bàbá mi bọ́ bàtà náà sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Àṣàkẹ́, mo jẹ̀bi, forí jì mí."

Ìyá mi yíjú kúrò. Ó tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kẹta, èyí tí kò sí nínú eré, mo sì di igi pákó mú. Ibẹ̀ ló ti yí padà, ẹ̀rín wà lójú rẹ̀, ó fa bàbá mi dìde. Ó wò mí níbi tí mo dúró sí. Ó ní, "Sìdí, kí lò ń dúró dè?" Dẹ́rẹ́bà kan tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kún fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Mo pariwo ọ̀rọ̀ mi débi pé ohùn mi ha fún ọjọ́ méjì.

Ìyá mi ṣe Àbẹ̀ní fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, Rísíkátù sì ń ṣe aládùúgbò tó máa ń dá sí ìjà tọkọtaya. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ewú ti ń yọ lábẹ́ gèlè rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbé ìró olódòdó fún Rísíkátù, ó ní òun ti fẹ́ máa ṣe ìyá ọkọ. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Ó ti kọ́gbọ́n.

Pákó náà kò sí mọ́. Nígbà tí wọ́n mú títì gbòòrò ni wọ́n wó o, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ta fóònù báyìí. Bàbá mi ti ṣaláìsí. Àdúgbò Bàrúwà ló kú sí, nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ kan gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, ìyá mi jókòó tì í. Mo wà níbẹ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìyá mi fi ẹnu sí i létí, ó ní, "Ìjà ti tán nílé wa o. Ẹ lọ re." Ó dúró níbẹ̀, kò sọ ìyókù.

Láyé òde òní, ọkọ̀ ní tẹlifíṣọ̀n. Èrò kọ̀ọ̀kan ní eré tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ki nǹkan bọ etí, kò mọ ẹni tó jókòó tì í. Eré náà pọ̀, ó sì dára ju tiwa lọ, mo ń wò ó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìjà, kò sí ẹni tó máa bá wọn paná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ń gbé nínú ilé báyìí. À ń ti ojú ìjà jáde nílé, a ń lọ sí ìrìn àjò tó jìn, a ní a ó yanjú rẹ̀ lórí fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi Àmínà fẹ́ padà sílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ìlọrin. Kò sí ìgbà tó ń lọ tí n kì í pariwo ọ̀rọ̀ orí pákó náà fún un. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti bá a wí gan-an lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí aṣọ tó wọ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìyá sí ọmọ ni, mo ti gbàgbé rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ tó wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà wa, dẹ́rẹ́bà ti fọn fèrè, ọmọ náà sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò wọlé. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ò tíì sọ ọ́."

Mo la ẹnu láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Mo wo ojú rẹ̀, ó sì wá yé mi, bó ṣe yé bàbá mi lọ́jọ́sí. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Àmínà, mi ò ṣe dáadáa lánàá. Má bínú." Ó wolẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ojú. Ìgbà yẹn ni mo tó lè pariwo rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì yọjú láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Àmín," ó ní. "Ká padà wá bá yín láyọ̀."

Lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀.